Títóbi, Gbígbó àti Ìdàgbàsókè: Ìperí fún Ẹ̀kọ́ nípa Ara Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù

1. Ìfáàrà

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ní pápá ìṣeré: 'Ọmọ yìí ti dàgbà.' Ẹni tí ó sọ ọ́ lè ní in lọ́kàn pé ọmọ náà ga, ó sì tóbi ju bí ó ti rí ní èṣí lọ. Ó lè ní in lọ́kàn pé ohùn ọmọ náà ti yí padà, irun sì ti ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ohun tí ó rí ni pé ọmọ náà ti gbọ́n sí i nínú bọ́ọ̀lù gbígbá. Bí a bá sì gbé gbólóhùn kan náà dé ibi tí a ti ń yan àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 fún ìdíje, ó lè di ẹ̀sùn, pé ọdún ọmọ náà ti ju èyí tí ó pe ara rẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí rù sórí.

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí ohun tí à ń wò lójú yóò là á fún wa. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ara ọmọ ènìyàn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a máa ń wọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun èlò tí a fi ń wọ̀n wọ́n kò sì jọ ara wọn. Olùkọ́ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí èkejì. Ọmọ tí a ń yàn tàbí tí a ń kọ̀ ni ó sì ń jìyà rẹ̀.

Ní ọdún 1970 ni Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, láti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 sì pèsè ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọmọ ọdún 13 tàbí 14 tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Àfojúsùn àròkọ yìí ni láti wá ìperí tí yóò ya títóbi ara sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbó ara, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára iye ọdún. A ó rí i pé ìyàtọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí ó ti wà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ tipẹ́.

2. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lára ọmọ

Láti ọdún 1759 títí di 1777 ni ará Faransé kan, Philibert Guéneau de Montbeillard, fi ń wọn gíga ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti ìgbà ìbí títí ọmọ náà fi di géńdé. Bí a bá ya àwòrán iye tí ọmọ náà fi ń ga sí i lọ́dọọdún, a ó rí i pé ìgasókè rẹ̀ yára gan-an ní ìkókó, ó sì ń dínkù lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí ó dé ìgbà ọ̀dọ́langba, ó tún yára lójijì, ó dé góńgó, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀ títí ó fi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ń fi hàn títí di òní. Lára àwọn ọmọ tí a ti wọ̀n ní Yúróòpù, góńgó yìí a máa bọ́ sí nǹkan bí ọdún 12 fún ọmọbìnrin, àti nǹkan bí ọdún 14 fún ọmọkùnrin. Ìṣirò àárín gbùngbùn ni èyí. Nínú ọmọkùnrin ọgbọ̀n tí ó jókòó sí kíláàsì kan náà, ti ẹlòmíràn ti kọjá lọ kí ti ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí kan tí a ṣe ní ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù gan-an ni a tẹ̀ lé. Ọmọkùnrin 33 ni a ń wọ̀n fún ọdún 5, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Nígbà tí ìgasókè wọn dé góńgó, sẹ̀ǹtímítà 9.7 ni wọ́n fi ń ga sí i láàárín ọdún kan, ìwọ̀n ara wọn sì ń fi kílógíráàmù 8.4 wúwo sí i. Nǹkan bí ọdún 13.8 ni àwọn méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà ni eré sísá, fífò sókè, ìdúró-déédéé àti ìfaradà ọkàn òun ẹ̀dọ̀fóró ń sunwọ̀n sí i ní kíákíá jù lọ. Rírọ̀ oríkèé ara kò dé góńgó tirẹ̀ títí di ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò le. Ọmọ ọdún 13 tí ó ń sá eré ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lè jẹ́ ẹni tí góńgó rẹ̀ ti dé, nígbà tí ti èkejì ṣì wà níwájú. Ẹni tí ó bá wọn eré wọn ní ọjọ́ yẹn, tí ó sì pè é ní ẹ̀bùn, kò tíì mọ ohun tí ó wọ̀n.

3. Àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń pín ọ̀nà yìí: 'growth' fún kí ara máa tóbi, 'maturation' fún kí ara máa sún mọ́ ipò àgbà, 'development' fún gbogbo àtúnṣe tí ó ń bá ọmọ, títí kan ìmọ̀ àti ìwà. Ọ̀pọ̀ àwọn atúmọ̀ èdè máa ń lo ìdàgbà tàbí ìdàgbàsókè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yẹ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

(i) Dàgbà. Àkànpọ̀ di àti àgbà ni, tí ìpajẹ fáwẹ́lì sọ di dàgbà. Nípa ìpìlẹ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa bí ara ti tóbi tó. Dídé ipò àgbà ni ó ń tọ́ka sí. Ìlò ojoojúmọ́ ni ó fẹ̀ ẹ́ lójú títí ó fi kan gíga àti ìwọ̀n.

(ii) Ìdàgbàsókè. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ìlú, ti orílẹ̀-èdè àti ti ọrọ̀-ajé. À ń sọ nípa ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́ àti ìdàgbàsókè ìlú. Ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò báyìí kò lè dúró fún ohun tí à ń fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n. Ṣùgbọ́n ó yẹ ìtumọ̀ kẹta gan-an, èyí tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

(iii) Bàlágà. Ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Lárúbáwá ni. Ó mọ́ gaara, ó sì gbilẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ṣùgbọ́n apá kan ni ó kàn, èyíinì ni kí ara di èyí tí ó lè bímọ. Egungun ń bá gbígbó tirẹ̀ lọ ṣáájú ìbàlágà àti lẹ́yìn rẹ̀.

(iv) Tóbi àti ga. Àwọn wọ̀nyí kò ní ìṣòro. Ohun tí ojú rí tí ọ̀pá sì lè wọ̀n ni wọ́n ń sọ.

(v) Gbó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Àgbẹ̀ kì í fi títóbi iṣu mọ̀ pé ó ti tó wà. Iṣu lè tóbi kí ó má tíì gbó. Omi ni yóò pọ̀ nínú rẹ̀, bí a bá sì gún un, iyán rẹ̀ kì í dára. Òmíràn lè kéré, kí ó sì ti gbó délẹ̀délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgbàdo: igi rẹ̀ lè ga ju ènìyàn lọ, kí ọmọ orí rẹ̀ má tíì gbó. Nínú ìlò yìí, gbó kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú títóbi, kò sì ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú iye ọjọ́ tí a ti gbìn ín. Ọ̀nà tí nǹkan ti rìn dé sí ibi tí ó yẹ kí ó parí sí ni ó ń wọ̀n. Kò sí oríkì tí ó tún lè bá ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ara ọmọdé ń wá mu ju èyí lọ.

A lè ṣe àríwísí pé gbó ní ìtumọ̀ mìíràn: aṣọ gbó, ajá gbó, àti àdúrà tí a fi ń sọ pé kí ọmọ ó gbó kí ó tọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá a rìn ni ó ń yan ìtumọ̀ fún un. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ 'egungun ọmọ náà kò tíì gbó' tí yóò ronú kan aṣọ tàbí ajá. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pọ́n dípò gbó. Pọ́n dára fún èso, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni ó ń tọ́ka sí, bí a bá sì lò ó fún ènìyàn, àwọ̀ ara rẹ̀ ni a ó máa rò.

4. Àwọn ìperí tí a dábàá

Nípa fífi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- mọ́ àpólà-ìṣe, a rí ìtóbisí (láti inú tóbi sí i) àti ìgasókè (láti inú ga sókè). Nípa àpètúnpè ẹlẹ́bẹ, a rí gbígbó láti inú gbó. A yàn gbígbó ju ìgbó lọ, kí a má baà ṣì í kà sí igbó tí ó kún fún igi. Láti inú àwọn wọ̀nyí ni a ti lè dá àwọn yòókù:

ìtóbisí ara: àfikún tí ó ń bá ara ní gíga, ní ìwọ̀n àti ní fífẹ̀.
ìgasókè òjijì: sáà ọ̀dọ́langba tí gíga ń yára pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ó ti fà sẹ́yìn.
góńgó ìgasókè: ìgbà tí ìgasókè yára jù lọ nínú sáà náà.
gbígbó ara: ìrìn ara láti ipò ọmọdé dé ipò àgbà.
ojú-ìgùn egungun: ibi rírọ̀ nítòsí ìpẹ̀kun egungun, níbi tí egungun ti ń gùn sí i, bí ó bá dí, egungun kò tún gùn mọ́.
ọjọ́ orí ìbí: iye ọdún àti oṣù tí a ti bí ọmọ.
ọjọ́ orí egungun: ipò gbígbó tí a rí nínú àwòrán egungun, tí a fi wé ti àwọn ọmọ tí a mọ ọjọ́ ìbí wọn.
ayáragbó: ọmọ tí ara rẹ̀ gbó ṣáájú ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.
apẹ́gbó: ọmọ tí ara rẹ̀ pẹ́ kí ó tó gbó.
ẹgbẹ́ ìbí: àwọn tí a kó jọ nítorí pé àkókò kan náà ni a bí wọn.
ẹgbẹ́ gbígbó: àwọn tí a kó jọ nítorí pé gbígbó ara wọn sún mọ́ ara wọn.

Ó yẹ kí a kíyè sí ìperí méjì tí ó gbẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ ìbí kì í ṣe nǹkan tuntun. Régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì nínú rẹ̀. Ohun tí régbérégbé ń wá ni ìbáṣepọ̀ àti ojúṣe láàárín ìlú, ìbí sì tó fún ìyẹn. Pápá bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ti ń fara gbá ara wọn ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Àwọn ìperí náà lẹ́nu iṣẹ́

5.1 Yíyàn àti kíkọ̀. Ní 1997, Bẹ́ljíọ̀mù yí ọjọ́ tí ọdún àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀ padà, láti 1 Oṣù Kẹjọ sí 1 Oṣù Kìíní. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tí a bí láti Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a yàn. Lẹ́yìn rẹ̀, àǹfààní náà ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀bùn bọ́ọ̀lù fi oṣù kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn nítorí pé ìjọba bọ́ọ̀lù yí kàlẹ́ńdà padà. Ọmọ tí ó fi oṣù mẹ́wàá ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni a ń rí, tí à ń pè ní akíkanjú.

Ìyẹn jẹ́ ti ọjọ́ orí ìbí. Ti gbígbó yàtọ̀ sí i. Ọmọ méjì tí a bí ní ọjọ́ kan náà lè ní ọjọ́ orí egungun tí ó fi ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Apẹ́gbó tí a bí ní ìparí ọdún ru ẹrù méjì, ọ̀tọ̀ sì ni àtúnṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Olùkọ́ tí ó ní ìperí fún méjèèjì yóò lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: 'Ìtóbisí rẹ̀ kò tíì yára, apẹ́gbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù, kí a tún un wò lẹ́yìn góńgó ìgasókè.' Olùkọ́ tí kò ní wọn yóò kọ ọ́ pé: 'Ó kéré.' Àwọn àgbà ti sọ pé abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣùgbọ́n òwe kò lè gba ipò àkọsílẹ̀.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ti dán ẹgbẹ́ gbígbó wò. Ìròyìn kan tí a tẹ̀ jáde ní 2018 sọ nípa ọmọ 66 láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin, tí ọjọ́ orí ìbí wọn wà láàárín ọdún 11 àti 14, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ti dé ìdá 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún gíga tí a retí pé wọn yóò ní bí wọ́n bá di géńdé. Àwọn ayáragbó sọ pé eré náà le fún wọn ju bí ó ti máa ń rí lọ, nítorí agbára nìkan kò gbà wọ́n mọ́. Àwọn apẹ́gbó rí àyè láti lo ọgbọ́n ẹsẹ̀ wọn. Àǹfààní wà fún ìhà méjèèjì: ẹni tí títóbi rẹ̀ ń bo àléébù rẹ̀ mọ́lẹ̀, àti ẹni tí kíkéré rẹ̀ ń bo ẹ̀bùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

5.2 Ìrora orúnkún. Ní 1903 ni oníṣègùn méjì, Osgood ní Amẹ́ríkà àti Schlatter ní Swítsàlandì, ṣe àpèjúwe ìrora kan tí ó máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ ní ìsàlẹ̀ orúnkún, lókè ojúgun. Nígbà ìgasókè òjijì, iṣan líle tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹran itan wá a máa fa ibi tí ó so mọ́ lára egungun, egungun ibẹ̀ kò sì tíì gbó. Sísáré àti fífò léraléra ni ó ń mú un le sí i. Àìsàn náà kì í sábà pẹ́ kọjá ìgbà tí egungun bá gbó, bí a bá dín fífò àti eré àsápajúdé kù. Níbi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ fún un, ọmọ tí ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn ni a máa ń pè ní ọ̀lẹ, tí a ó sì ní kí ó tún sáré yí pápá ká. Gbólóhùn náà 'egungun rẹ̀ kò tíì gbó níbẹ̀' tó láti yí ìdájọ́ yìí padà, bàbá àgbẹ̀ tí kò kàwé yóò sì gbọ́ ọ yé.

5.3 Àyẹ̀wò ọrùn-ọwọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni ó gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn tí kò ju ọdún 16 lọ, ní Ṣáínà ní 1985. Ìdíje náà di ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, Nàìjíríà sì tún gbà á ní 1993, 2007, 2013 àti 2015. Àríyànjiyàn lórí ọjọ́ orí kò fi ìdíje náà sílẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gbà á lálejò ní 2009 ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tí ó ń lo agbára òòfà ya àwòrán inú ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìperí hàn gbangba níhìn-ín. Ẹ̀rọ náà kò rí ọjọ́ orí ìbí. Ojú-ìgùn egungun ni ó ń wò. Bí ojú-ìgùn náà bá ti dí pátápátá, ó ṣòro kí ọmọkùnrin náà má tíì kọjá ọdún 17, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ó dí ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì dí, kò jẹ́rìí pé ọmọ náà kò tíì pé 17, nítorí apẹ́gbó tí ó ti lé ní 17 lè gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n kò sì jẹ́ ohun tí kò sí: ayáragbó kan lè wà tí ìwé ìbí rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Nítorí náà, ìròyìn tí ó tọ́ láti sọ fún òbí ni pé 'egungun ọmọ yín ti gbó kọjá ìwọ̀n tí ìdíje yìí gbà.' Ìròyìn tí a sábà ń gbọ́ ni pé 'ọmọ yín purọ́ ọjọ́ orí.' Gbólóhùn àkọ́kọ́ lè lé ọmọ kúrò nínú ìdíje. Èkejì lè bá a dé ilé, kí ó sì ba orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ kò sọ èkejì; àìní ìperí ni ó sọ ọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé dàgbà nìkan kò lè ru ohun tí ìmọ̀ nípa ara ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ń béèrè. A ti dábàá ìtóbisí fún àfikún ara, gbígbó fún ìrìn ara sí ipò àgbà, ọjọ́ orí ìbí fún iye ọdún, a sì fi ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ lé dàgbà kúrò lẹ́nu ènìyàn. Yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nílé àti ní ọjà. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, nínú àkọsílẹ̀ olùkọ́ eré ìdárayá àti nínú ìtumọ̀ ìròyìn oníṣègùn ni ó yẹ kí a ti pín ẹrù rẹ̀.

Ó kù sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ láti dán àwọn ìperí wọ̀nyí wò nínú kíláàsì àti lórí pápá, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọmọ ilé-ìwé gbà wọ́n sẹ́nu. Ìdánwò tí ó rọrùn jù lọ wà. Kí olùkọ́ mú ọmọ méjì tí ọjọ́ orí ìbí wọn dọ́gba, tí gíga wọn kò sì dọ́gba, kí ó béèrè lọ́wọ́ kíláàsì èwo nínú wọn ni ó 'dàgbà jù'. Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè èwo ni ó tóbi jù, èwo ni ara rẹ̀ ti gbó jù, àti èwo ni a kọ́kọ́ bí. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀ síra, ìperí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.